Ọjọ́ tí Màmá Onírọ̀rí Gbé Fóòmù Wọn Síta

Bí mo bá sùn lọ́sàn-án, pàápàá lọ́jọ́ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tí atẹ́gùn tútù ń gba ojú fèrèsé wọlé, mo máa ń rí ìyá ìyá mi. Wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú àlá náà. Wọ́n á kàn jókòó sórí àpótí wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa ki àjákù fóòmù bọ inú ìrọ̀rí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ ọwọ́ lóúnjẹ. Èmi á dúró sẹ́yìn wọn, màá fẹ́ sọ nǹkan kan fún wọn. Kí n tó la ẹnu, mo ti jí. Oṣù mẹ́rin rèé tí wọ́n ti lọ, bó sì ṣe máa ń rí nìyẹn.

Nǹkan tí mo fẹ́ sọ kò gùn rárá. Èmi ni mo kó ìdun wọ ilé tí a ń gbé ní Kétu. Mo dákẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ tìtorí rẹ̀ lé aláboyún kan jáde, Màmá sì gba ẹ̀bi náà sórí ara wọn. Wọ́n mọ̀ pé èmi ni. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi mọ̀, wọn kò bi mí, èmi náà kò sì sọ ọ́ títí wọ́n fi lọ.

Nígbà ìsìnkú, àwọn àǹtí mi ní kí n kọ ojú ìwé kan nípa wọn sínú ìwé ètò ìsìn, torí pé èmi ni mo wà ní yunifásítì. Mo kọ ọ́. Mo ní wọ́n jẹ́ onísùúrù, onínúure, òpó ìdílé, ìyá gbogbo ayé. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ bí èèyàn bá yọ orúkọ Màmá kúrò, ó lè fi orúkọ ìyá ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Bí mo ṣe ń gbọ́ tí wọ́n ń kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, ojú ń tì mí. Màmá tí mo mọ̀ kì í ṣe òpó kankan. Wọ́n kúrú, wọ́n máa ń jà, ṣúgà inú ẹ̀kọ wọn máa ń pọ̀ jù, wọ́n sì kórìíra ìdun ju bí wọ́n ṣe kórìíra èṣù lọ.

Lẹ́yìn ọjà Kétu ni ilé náà wà, ilé oníyàrá mẹ́wàá tí pásééjì kan là láàárín, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì. Yàrá Màmá ló ṣáájú lápá ọ̀tún. Láti abúlé kan lẹ́yìn Ṣágámù ni wọ́n ti wá sí Èkó nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n gbé máṣíìnì ìránṣọ kan dání, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìrọ̀rí. Àjákù fóòmù ni wọ́n ń rà lápò lápò. Wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á ṣà á, wọ́n á sá a sóòrùn kí wọ́n tó kì í sínú aṣọ. Ìgbà yẹn, a ṣì ń lọ sanwó ìpè lọ́dọ̀ àwọn tó ń jókòó sábẹ́ agboòrùn lẹ́bàá títì, ẹni tó bá sì béèrè ọ̀nà ilé wa lọ́wọ́ wọn, "Ilé Màmá Onírọ̀rí" ni wọ́n á pè é. Láńlọ́ọ̀dù ló kọ́ ilé o, àmọ́ ẹnikẹ́ni kò fi orúkọ wọn pè é.

Màmá kì í ta ìrọ̀rí fún ẹni tí kò bá tíì fi orí lé e. Wọ́n ní bẹ́ǹṣì gígùn kan níwájú ilé tó jẹ́ pé torí èyí ni wọ́n ṣe kàn án. Oníbàárà á dùbúlẹ̀ gbọọrọ lójú gbogbo ayé, ariwo mọ́tò ń bọ̀ láti títì Ìkòròdú, Màmá á sì ní kó di ojú. Àwọn kan máa ń tijú, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á dìde. Ọlọ́kadà kan dùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di ojú, kò là á mọ́. Kò pẹ́ tó fi ń hanrun. Ọ̀kadà rẹ̀ wà lórí ìdúró, àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá fi ìka lé ẹnu wọn, wọ́n ní, "Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o. Ó ti rà á nìyẹn."

Láti kékeré ni mo ti máa ń rò ó pé gbogbo Kétu ló ń sùn sórí ọwọ́ Màmá. Bí mo bá dùbúlẹ̀ sórí òkìtì àjákù fóòmù lọ́sàn-án, tí máṣíìnì wọn ń kọrin gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ létí mi, ojú mi á máa rìn jìnnà. Màá máa wo àwọn yàrá láti Ìkòsì títí dé Agboyi níbi tí àwọn apẹja ń gbé létí odò, ìrọ̀rí aláwọ̀ búlúù, ìrọ̀rí olódòdó, orí kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo sọ ọ́ fún Màmá nígbà kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ họ orí, wọ́n ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kí orí wọn mọ́ ni o, torí èmi kọ́ ni màá bá wọn fọ̀ ọ́."

Irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe yìí ló sọ ìdun di ọ̀tá wọn. Ẹni tó ń ta ẹja lè ní ìdun nílé kó sì máa ta ẹja rẹ̀ lọ. Onírọ̀rí tí wọ́n bá gbọ́ pé ìdun wà nílé rẹ̀, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn. Màmá wá ní òfin kan: ẹrù tó bá ti sùn níbòmíràn kò gbọdọ̀ wọ yàrá tààrà. Ẹ̀yìnkùlé ni yóò kọ́kọ́ lọ. Wọ́n á tú u palẹ̀, wọ́n á fi omi gbígbóná bọ aṣọ, wọ́n á fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tọ gbogbo ibi tí wọ́n ti rán báàgì pọ̀, wọ́n á wá sá a sóòrùn títí yóò fi gbóná dáadáa. Àbúrò wọn ọkùnrin wá kí wọn láti abúlé lẹ́ẹ̀kan. Màmá dì mọ́ ọn, wọ́n béèrè àlàáfíà gbogbo ará ilé, wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Inú bí i. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èmi lẹ wá ń ṣe báyìí sí?" Màmá dá a lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé pé, "Ìwọ wọlé, kó o jẹun. Báàgì rẹ ló máa dúró."

Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlọrin, èmi sì ń gbé nílé-ìwé, nítorí náà ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ti ń lo gbogbo họ́lídé. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ mi kì í ṣe ìránṣọ. Wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń yẹ fóòmù wò. Nígbà ọyẹ́, tí oòrùn máa ń dà bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ funfun bò ó, àwa méjèèjì á gbé fóòmù wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, a ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Màmá á fún mi ní ẹyọ ìgbálẹ̀ kan. Mo máa ń yára wo àárín, torí pé ibẹ̀ ló fẹ̀. Wọ́n á mú ọwọ́ mi, wọ́n á gbé e lọ sí etí fóòmù, wọ́n á ní, "Ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀ ni kó o wò. Ìdun kì í gbé lójú títì." Tí a bá ṣe tán, a ó jẹ́ kó wà nínú oòrùn títí di ìrọ̀lẹ́. Ìgbà tí a bá gbé e wọlé ni mo fẹ́ràn jù, tó bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó ń rùn bí oòrùn àti káńfọ̀. Màá ṣubú lù ú. Mi ò tíì rí bẹ́ẹ̀dì kankan tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Màmá àti Ìyá Ṣẹ́gun, tí yàrá wọn dojú kọ tiwa, ja ìjà kan tó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìyá Ṣẹ́gun ló ra ọtapiapia, oògùn kòkòrò tí àwọn tó ń fi gbohùngbohùn pariwo káàkiri Kétu ń tà, wọ́n sì dà á sí gbogbo pásééjì láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Òórùn rẹ̀ wọ ìrọ̀rí ogún tí Màmá ti rán sílẹ̀. Màmá jà débi pé fìlà irun wọn jábọ́. Wọ́n ní oògùn tó ń pa ìdun lè pa orí tó ń sùn. Lẹ́yìn náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́, àmọ́ ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí wọ́n fi ìkíni sílẹ̀. Láràárọ̀, Màmá á dúró níwájú ilẹ̀kùn Ìyá Ṣẹ́gun, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á ní, "Ìyá Ṣẹ́gun, ẹ káàárọ̀ o, bí a ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ó wá ku ọ̀rọ̀ èmi.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà náà. Họ́sítẹ́ẹ̀lì wa nílé-ìwé kún fún ìdun, wọ́n ń gbé inú igi bọ́ńkì, inú ihò ìṣó, inú ìdè aṣọ. Nígbà tí họ́lídé ńlá dé, mo kó ẹrù mi sínú àpótí, mo di búláńkẹ́ẹ̀tì mi lọ́tọ̀, mo sì wọkọ̀ wá sílé. Màmá kò sí nílé, wọ́n lọ ra àjákù fóòmù. Òjò ti ṣú. Ó rẹ̀ mí, mo mọ iye omi tí màá fà, mo mọ iye aṣọ tí màá bọ̀. Mo nu àpótí mi lóréfèé, mo gbé e wọlé. Búláńkẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, mo mọ̀ pé mi ò lè gbé e wọ yàrá kí Màmá má rí i, mo bá kì í sẹ́yìn àga gígùn tó wà ní pásééjì. Mo ní tó bá di ọ̀la, màá sá a. Nígbà tí Màmá dé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wò mí, inú wọn dùn.

"Àbẹ̀kẹ́, o ti sá ẹrù rẹ?"

"Mo ti sá a, Màmá."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Màmá."

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ kejì, ó rọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn, mo ti gbàgbé, àbí kí n kúkú sọ òtítọ́, mo fẹ́ gbàgbé ni.

Aunty Bísí ló ni àga yẹn. Ìyàwó tuntun ni wọ́n, wọ́n lóyún, yàrá wọn ló gbẹ̀yìn lápá òsì. Ọkọ wọn ń wa tírélà lọ sókè Ọya, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó padà. Ìyá wọn ló fi àga náà ta wọ́n lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó, kò gba inú yàrá, láńlọ́ọ̀dù sì gbà kí wọ́n gbé e sí pásééjì. Gbogbo ilé ló ń jókòó lé e. Bí Aunty Bísí bá ra àgbàdo sísè, wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí méjì, wọ́n á fún mi ní èyí tó gùn.

Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdun ti gba ilé. Àwọn ọmọ ń họra, àwọn àgbà ń dọ́gbọ́n họra. Ẹnikẹ́ni kò fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbé fóòmù síta, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé e ni wọ́n á ní ó ni ín. Bó ṣe máa ń rí ní irú ilé wa nìyẹn: oníkálùkù á máa sun ìdun rẹ̀ níkọ̀kọ̀ pẹ̀lú àbẹ́là, wọ́n á tún máa bi ara wọn pé, "Ẹ sùn dáadáa?" Ìyá Ṣẹ́gun ló gbé tìmùtìmù àga náà sókè lọ́jọ́ kan, wọ́n sì pariwo. Ìdun ń rìn lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ẹ̀wà bá dànù. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti sọ pé Ìyàwó, bí wọ́n ṣe ń pe Aunty Bísí, ló gbé e wá láti ilé ìyá rẹ̀. Láńlọ́ọ̀dù ní tó bá di Sátidé ìparí oṣù, ẹni tó kó ìdun wọlé yóò kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Mo jókòó sórí òkìtì fóòmù, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé mo wà lábẹ́ omi, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lókè. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ, mi ò sì lè gbé e jáde.

Sátidé ìparí oṣù ni ọjọ́ sànítéṣọ̀n ní Èkó. Láti aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, mọ́tò kankan kò gbọdọ̀ rìn, oníkálùkù gbọ́dọ̀ wà nílé kó máa gbálẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ Kétu lọ́jọ́ mìíràn kò ní mọ bí ìdákẹ́jẹ́ yẹn ṣe máa ń rí. Títì Ìkòròdú á ṣófo. A ó máa gbọ́ ìgbálẹ̀ láti òpópónà kejì. Kùrukùru láti ìhà odò á ṣì wà nílẹ̀, ilé á dà bí ohun tí wọ́n yà síbẹ̀.

Láńlọ́ọ̀dù dé pẹ̀lú ẹ̀rọ rédíò lábíyá. Gbogbo ayálégbé jáde síwájú ilé. "Ìyàwó," wọ́n ní, "mi ò bá ẹ jà o. Kó àga ẹ, kó ẹrù ẹ. Ilé mi ò gba ìdun."

Aunty Bísí gbá ikùn wọn mú. "Daddy, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ mi ò sí nílé, mo pè é, kò lọ. Níbo ni kí n gbé oyún yìí lọ?"

Màmá wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́, ojú wọn rọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wo oníbàárà tó di ojú lórí bẹ́ǹṣì. Mo wo ilẹ̀. Èèrà kan ń gbé ìrẹsì kan lọ, mo fi ojú tẹ̀ lé e títí ó fi wọ abẹ́ ògiri.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Màmá ti wọlé. A gbọ́ nǹkan tó ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n fa fóòmù tiwọn jáde, àwọn nìkan, wọ́n fà á gba àárín wa kọjá, wọ́n fà á dé ojú títì tí kò sí mọ́tò, wọ́n sì tẹ́ ẹ síbẹ̀, lójú gbogbo Kétu. Wọ́n na ẹ̀yìn wọn. Wọ́n ní, "Lọ́dọ̀ mi ló ti wá. Ẹ má wo ojú Ìyàwó mọ́. Bẹ́ẹ bá fẹ́ lé èèyàn, èmi rèé."

"Màmá, ẹ̀yin kẹ̀?" láńlọ́ọ̀dù ní.

Ìyá Ṣẹ́gun gbé ọwọ́ lérí. "Ìrọ̀rí tí mo rà lọ́wọ́ yín ńkọ́?"

"Ẹ gbé e wá. Màá tú u lójú yín."

Láńlọ́ọ̀dù dúró, wọ́n ń yí bọ́tìnnì rédíò. Màmá ti wà nínú ilé yẹn kí wọ́n tó kan sílíìn sí òkè yàrá, wọ́n tọ́jú àwọn ọmọ láńlọ́ọ̀dù nígbà tí ìyá wọn ṣàìsàn. Láńlọ́ọ̀dù wá ní kí gbogbo wa lọ gbé omi kaná. Nígbà tí ó fi máa di aago mẹ́sàn-án, fóòmù mẹ́wàá ló wà lójú títì, àga gígùn Aunty Bísí wà láàárín wọn, oòrùn ti là kùrukùru já, àwọn obìnrin ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ tọ etí fóòmù bí Màmá ṣe ń júwe fún wọn. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá rántí rẹ̀, kò sí ohùn kankan nínú rẹ̀. Àwọn bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń rí, wọ́n tò lórí ọ̀dà bí ẹni pé gbogbo àdúgbò fẹ́ sùn níbẹ̀. Èmi ń gbé kẹ́tùlù omi gbígbóná káàkiri. Màmá gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Rọra, má fi jó ara rẹ."

Ìdun lọ. Aunty Bísí kò lọ síbì kankan. Lọ́jọ́ kẹta, mo rí búláńkẹ́ẹ̀tì mi lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti sá a, wọ́n ti ká a dáadáa. Ẹ̀gbẹ́ tí Màmá fi òwú pupa rán nọ́ńbà ilé-ìwé mi sí ló wà lókè. Bí mo ṣe mọ̀ pé wọ́n mọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà dé ọjà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bẹ́ǹṣì iwájú ilé ṣófo. Ẹni tó bá ń kọjá á kí Màmá láti òdì kejì títì. Àwọn tó ti rà tẹ́lẹ̀ dá a padà, Màmá sì ń gbà á láìjiyàn. Nígbà tí mo padà wá ní Kérésìmesì, wọ́n ti gbé máṣíìnì sábẹ́ tábìlì. Ọjà Mile 12 ni wọ́n ń lọ, wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ńlá àti okùn tún àpò tó ya rán fún àwọn aláta àti alálùbọ́sà. Ata wọ ọwọ́ wọn débi pé wọn kò lè fi nu ojú. Ọwọ́ tó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó máa ń rùn bí káńfọ̀, ti sán bí èèpo igi. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn rán díẹ̀. Wọ́n gbé àpò náà jìnnà sí mi, wọ́n ní, "Rárá o. Ọwọ́ ìwé ni tìrẹ. Jẹ́ kó máa rùn bí ìwé."

Wọn kò bi mí rí. Àmọ́ nígbà mìíràn, tí a bá jẹun tán, tí àwa méjèèjì bá jókòó, wọ́n á dákẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí ẹni tó sún fún ẹlòmíràn lórí bẹ́ǹṣì. Èmi á dìde lọ fọ abọ́. Mo fọ abọ́ púpọ̀ nínú ilé yẹn. Nígbà tí àìsàn dé bá wọn, ìdánwò ni mo ń ṣe, mo ní tí mo bá parí, màá lọ bá wọn, màá sọ ọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi pẹ́. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo lọ sí Ìṣẹrì Olówóra níbi tí Aunty Bísí àti ọkọ wọn ń gbé báyìí. Wọ́n ń já ẹ̀fọ́ ní ìloro, ọmọbìnrin wọn, Ìfẹ́, tó jẹ́ oyún ìgbà yẹn, ń fi ṣọ́ọ̀kì yàwòrán sórí sìmẹ́ńtì. Mi ò jókòó. Mo ní, "Aunty, ìdun ọjọ́sí, èmi ni mo kó o wọlé."

"Mo mọ̀," Aunty Bísí ní. Wọn kò dẹ́kun ẹ̀fọ́ jíjá.

"Ṣé Màmá sọ fún yín ni?"

"Èmi ni mo sọ fún Màmá. Èmi ni mo rí búláńkẹ́ẹ̀tì ẹ lẹ́yìn àga mi, Friday tó ṣáájú sànítéṣọ̀n. Mo ti ń gbé e lọ bá láńlọ́ọ̀dù, Màmá ló bá mi ní pásééjì. Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi, Àbẹ̀kẹ́. Màmá, kúnlẹ̀ fún èmi. Wọ́n ní, 'Bísí, jọ̀ọ́, fún ọmọ mi di àárọ̀ ọ̀la. Kò ní jẹ́ kí wọ́n lé ẹ. Ó máa sọ̀rọ̀, mo mọ ọmọ mi. Tí ò bá sọ̀rọ̀, èmi á sọ.'"

Mo rántí bí Màmá ṣe wò mí láàárọ̀ yẹn. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti rò pé wọ́n ń bẹ̀rù nítorí mi ni, tàbí wọ́n ń bínú. Wọ́n ń dúró dè mí ni. Ó dá wọn lójú pé màá la ẹnu.

Ìfẹ́ ti gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Mummy, ta ni wọ́n fẹ́ lé?"

"Àwa méjèèjì. Inú mi lo wà."

Ọmọ náà wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Aunty, ẹ̀yin lẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni."

"Ṣé ẹ ti wá bẹ Mummy mi?"

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń kọ́ bí màá ṣe sọ ọ́, kò wá sí mi lọ́kàn rí pé lẹ́yìn tí mo bá sọ ọ́, mo tún gbọ́dọ̀ bẹ̀bẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì náà, lórí àwòrán rẹ̀, mo bẹ ìyá, mo bẹ ọmọ. Aunty Bísí fi ọwọ́ tí omi ẹ̀fọ́ wà lára rẹ̀ gbá mi léjìká mú, wọ́n ní ó ti tó, kí n dìde. Mi ò lè tètè dìde. Èèyàn mẹ́ta ni mo ṣẹ̀, méjì péré ló kù tí mo lè bẹ̀.